Ìyẹ́ Ẹtù

Òjò ti ń palẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn òkè Ògìdì,
omi tó rú bí ẹ̀kọ ọkà bàbà lóṣù tó kọjá
ti mọ́ débi pé mo lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́runnípa kì í lo ekòló.
Ìyẹ́ ẹtù ni, àti òwú tí wọ́n fi ń rán ṣòkòtò;
ó so ó mọ́ ìwọ̀ títí ó fi jọ eṣinṣin.
“Ẹja odò òkè kì í jẹ òkú.”

Ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì, èmi ni mo ń bá a wo omi.
Ó jù ú. Eṣinṣin irọ́ bà, kò dún.
Mo ní, “Ó ń bọ̀ o, ó ń—”

Okùn já.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú omi:
“Ẹ wo olè!
Ó wọ ẹtù mi lọ sílé.”