Ẹnà

Nígbà tí a bá ń sá kòkó lẹ́yìnkùlé wa ní Òdojọ̀mu,
èmi àti àbúrò mi a máa fọ ẹnà.
"Ìgìyágá ń bọ̀gọ̀," ni yóò wí,
èmi a sì da ẹ̀pà tí mo jí bù sápò.
Ìyá a kọjá, a wò wá bí ẹni tí kò gbọ́,
àwa a rẹ́rìn-ín títí ìfun yóò fi dùn wá.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀,
ó pè mí, ó ní, "Bugu ogomigi wágá."
Ife bọ́ lọ́wọ́ mi.
Obìnrin yìí ti ń gbọ́ wa láti ogún ọdún ó lé!

Mo rántí èyí lálẹ́ àná
nígbà tí fóònù mi gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí.
Àbúrò mi ni, láti Àkúrẹ́,
ní ọ́fíìsì kan ní Alágbàká tí mi ò ní tọ́ka sí.
Mi ò ní dárúkọ òun náà.
Èyí tó ń jẹ́ lórí fóònù, ènìyàn kò jẹ́ ẹ rí.

Ó ti rí ìwé owó ìfẹ̀yìntì:
àwọn tí a sin, tí koríko ti hù lórí wọn,
wọ́n ṣì ń tọwọ́ bọ̀wé lóṣooṣù.
Tíṣà Akínyọsóyè tó kọ́ wa ní ìṣirò sì wà láàyè,
ó ń ta àga yàrá rẹ̀ ra oògùn.

"Má bẹ̀rù," ó kọ ọ́ sí mi,
"ọ̀rọ̀ yìí ti tìlẹ̀kùn mọ́ra kó tó kúrò lọ́wọ́ mi.
Ẹni tó ń gbé e lọ pàápàá, ẹrù ló rù,
kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

Mo ní, "Ìyá ńkọ́, tó gbọ́ ẹnà wa?"
Ó pẹ́ kó tó dáhùn.
"Ìyá gbọ́, kò sọ.
Àwọn tó ń kọjá lẹ́yìnkùlé báyìí,
bí wọ́n bá gbọ́, wọn a wá sílé."

Kí n tó tún un kà, ọ̀rọ̀ ti parẹ́,
ojú fóònù mọ́ bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Wọ́n ní ẹni tí kò jalè kì í fara pamọ́.
Àwọn tó ń wí bẹ́ẹ̀,
ṣé wọn kò ta kọ́tìnnì sí fèrèsé tiwọn ni?

Oorun kò kùn mí.
Aago méjìlá kọjá díẹ̀, fóònù tún gbọ̀n,
gbólóhùn kan péré, kò sí orúkọ nídìí rẹ̀:

Mogo tigi dégélégé.