Ìdákọ̀ró Kàsálì

Ogójì ọdún ló fi di ọkọ̀ Kàsálì mú nísàlẹ̀ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
irin dúdú kan, kò ju orí ọmọ ọdún méjì lọ,
ṣùgbọ́n kí o tó gbé e, wàá kọ́kọ́ túnra mú.
Ní Pópó-Òbá, wọ́n ní ọta àgbá ni,
àṣẹ́kù ogun àtijọ́ tó gbàgbé láti bú.
Bàbá ìyá mi kò bá wọn jiyàn.
"Ohun tó ti di ọkọ̀ mi mú,
orúkọ tó bá wù yín ni kí ẹ pè é."

Mo gbé ayùn bọ̀ láti yunifásítì lọ́dún Iléyá.
Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi rẹ́ ẹ. Ayùn mẹ́sàn-án ló kán sí i lára.
Mo ha ìpẹtà kúrò, mo dán ojú rẹ̀ títí mo fi rí eyín ara mi níbẹ̀,
mo wá ń kán ásíìdì sí i, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń rọ ọmọ lágbo.

Kò kọ́kọ́ ṣe nǹkan kan.
Lẹ́yìn náà, ilà jáde,
ilà lórí ilà, wọ́n ń dábùú ara wọn
bí ẹní tí wọ́n fi ìko hun.

"Bàbá, ọta kì í nírú ilà yìí.
Ẹni tó ń rọ ọta ń kánjú: iná, omi, ó parí.
Inú ikùn ayé kékeré kan ni irin àti níkẹ́ẹ̀lì yìí ti jọ yọ́,
àpáta bò wọ́n bí eérú ṣe ń bo ẹyin iná.
Kí ooru tó fi ìwọ̀n kan péré dín,
ó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó lè gba àádọ́ta ọ̀kẹ́.
Ibẹ̀ ni wọ́n ti ráyè pínyà, tí kálukú wá ipò tirẹ̀.
Bí ilà bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìtutù náà ṣe falẹ̀ tó."

Kàsálì yọ fọ́nrán òwú kan lára àwọ̀n,
ó tẹ́ ẹ lé ilà kan. Wọ́n ṣe déédéé.
"Ta ló wá fọ́ ayé ọ̀hún?"
Mo ní ayé mìíràn ló kọlù ú.
Ó mi orí. "Wọn ò rí ara wọn ni?"
Mi ò mọ ohun tí mo lè wí.

Ìlàjì ló so padà mọ́ okùn.
Ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ; bí afẹ́fẹ́ bá le,
ọkọ̀ a máa yọ́ sún díẹ̀ sọ́nà Ejìnrìn,
bàbá a sì jókòó sínú rẹ̀, kò ní fajúro.
Ìlàjì kejì wà lórí tábìlì mi.
Ó ti tún ń pẹtà létí.