Ṣíbí Mẹ́fà Tí Kò Lóǹtẹ̀

Inú ìbọ̀sẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni Winnie Mavor kó wọn sí wá,
ṣíbí mẹ́fà, wọ́n ń ró woroworo
bí ẹyọ owó lápò ẹni tí ń sáré.
Òjò Banff ń rọ̀ lójú fèrèsé,
irú èyí tí í fẹ̀gbẹ́ rìn láti orí òkun wá.
Ó ní, "Ta ló ṣe é? Ìyá ìyá mi ò sọ."

Mo dojú wọn dé.
Ẹ̀yìn ṣíbí là ń wá orúkọ sí:
ilé olódi, òdòdó ẹlẹ́gùn-ún,
lẹ́tà méjì ti ẹni tó rọ ọ́.
Kò sí nǹkan kan. Ó ń dán lásán
bí iwájú orí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.
Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wolé.

Mo wọ̀n wọ́n. Mo fi èékánná ta ọ̀kan, mo gbọ́ ohùn rẹ̀:
fàdákà ni dé inú, kì í ṣe idẹ tó da fàdákà bora.
Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ìdí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀,
bí wọ́n ti ń ṣe é ní etíkun yìí
nígbà tí ọ̀nà Edinburgh ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ ọjọ́ púpọ̀,
tí owó òǹtẹ̀ ń bá owó iṣẹ́ dọ́gba,
tí alágbẹ̀dẹ á sọ fún oníbàárà pé,
"O mọ̀ mí, mo mọ̀ ọ́, kí la fẹ́ fi òǹtẹ̀ ṣe?"

Gbogbo àwọn tó mọra wọn ti kú.

Ẹnu ṣíbí ti jẹ lápá òsì.
Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu: ọlọ́wọ́ ọ̀tún ló ń fi í ha ìsàlẹ̀ àwo,
ògì óòtì láàárọ̀, ògì óòtì lálẹ́, ìran dé ìran.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e sábẹ́ iná,
tí mo fi awò ojú kan wo kòtò ọrùn rẹ̀,
mo rí ojú òòlù, wínníwínní,
bí ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí yanrìn,
gbogbo wọn kọrí síbi tí kò yẹ kí wọ́n kọrí sí.
Lẹ́tà M tí wọ́n fín sí ìdí rẹ̀ náà
fì sẹ́yìn bí ẹni tí atẹ́gùn ń tì.

Ọlọ́wọ́ òsì ló lù ú.

Wọ́n ní ọmọ àlè ní í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀.
Ṣíbí yìí fọwọ́ òsì júwe.
Mo tẹ̀ lé ìka náà.

Ìwé ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wà lájà wa, eku ti jẹ etí rẹ̀.
Mo ti kà á rí, lọ́dún tí yìnyín sé mi mọ́lé:
"Elspet, ọmọ Jeems Argo alágbẹ̀dẹ fàdákà,
ẹgba mẹ́ta. Ó tún fi ọwọ́ òsì kọ̀wé."
Ní ojú ewé kejì: "Ẹgba mẹ́rin."
Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí Elspet nínú ìwé kankan mọ́.
Jeems sì ń ta ṣíbí fún ọdún mọ́kànlá
lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n
débi tí kò lè fọwọ́ sí ìwé gbèsè ara rẹ̀.

Ọ̀gá mi, Duguid, yọjú lórí èjìká mi.
"Kọ Jeems Argo. Orúkọ yẹn á sọ owó rẹ̀ di mẹ́ta."
Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́.
Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jóòótọ́ la fi ń san owó ilé níbí.
Èmi náà ò lẹ́rìí tí mo lè gbé síwájú adájọ́;
ẹgba méje kì í ṣe òǹtẹ̀.

Mo kọ ọ́ báyìí: Banff. Ilé Argo. Ọwọ́ òsì.

Winnie ka márùn-ún padà sínú ìbọ̀sẹ̀,
ó ti ìkẹfà sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì.
"Fi po tíì ẹ. Owó iṣẹ́ rẹ nìyẹn."
Mo pò ó. Ó gbóná mọ́ mi níka kíá,
bí fàdákà gidi ti í ṣe.
Mo pààrọ̀ ọwọ́.