Abọ́ Tèmi

Mùínátù ní kí n má jẹ obì, kí n má fẹnu kan omi,
kí n tutọ́ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan títí dé ojú ìlà.
Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ
pé a kì í tutọ́ níwájú àgbà,
mo jókòó ní láàbù wọn ní Tánkẹ̀,
mò ń tutọ́ bí ẹni tí eṣinṣin kó sí lẹ́nu.
Ọmọ tí mo bí dúró tì mí: "Bàbá, ó ku díẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwé dé.
Èmi tí mo máa ń fi bíírò pupa kọ òdo fún èèyàn,
wọ́n fún èmi náà ní máàkì.
Ó ní àbùdá kan wà tó ń jẹ́ kí àgbàlagbà mu wàrà tútù
bí ọmọ ọwọ́, kí inú má sọ nǹkan kan.
Bùsàírì àbúrò mi ti tutọ́ tirẹ̀ ṣáájú. Ó ní in.
Èmi ò ní in.

Ìyá kan, bàbá kan. Ẹní kan náà la jọ tọ̀ sí.
Ìyá tó bí bàbá wa, ọmọ Gáà ni,
ọkùnrin Pàkátà ló fẹ́ ẹ, tòun ti màlúù méjì ló wọlé ọkọ.
Ohun tó gbé wá nínú ẹ̀jẹ̀ la pín
bí ẹni pín ogún lójú oorun:
Bùsàírì mú tirẹ̀, wọ́n fo èmi.

Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé wọ́n fò mí.
Láàárọ̀ ọyẹ́, Ìyá Gáà á bu wàrà gbígbóná fún Bùsàírì,
á fi kọ̀rọ̀ ojú wò mí.
Abọ́ tánganran kan wà tí ọ̀dà ti bó létí rẹ̀,
tèmi nìkan. Inú rẹ̀ ló ń fi wàràǹkàṣì méjì sí,
èyí tó ti tẹ̀ mọ́nú ajọ̀ títí omi rẹ̀ fi ro tán.
"Tìẹ rèé."
Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo sunkún. Mo ní torí pé mo dúdú ni,
torí pé imú mi jọ ti ará ilé ìyá mi l'Ómù-Àrán.
Mo jí wàrà mu lẹ́yìn ilé, inú mi hó bí ìkòkò ẹ̀kọ,
mo ní Ọlọ́run ló fìyà olè jẹ mí.
Nígbà tí mo rówó, mo ra mílíìkì alágolo,
ogún ọdún ni mo fi ń dà á sínú tíì láràárọ̀
kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ ilé ni mí,
ogún ọdún ni ilé-ìwé fi mọ̀ pé Tíṣà Ràjí
kì í dúró parí iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Ìwé náà sọ púpọ̀ sí i, lórí iyọ̀, lórí ẹ̀jẹ̀ ríru.
"Ó ṣeé ṣe" wà níbẹ̀ nígbà mọ́kànlá;
mo falà sí gbogbo wọn nídìí.
Ṣùgbọ́n Mùínátù fìka lé ibì kan:
ṣúgà inú wàrà ni ara mi ò lè fọ́,
bí wàrà bá dì, tí omi rẹ̀ ro dáadáa,
èyí tó pọ̀ nínú ṣúgà náà á bómi lọ.
"Ẹ lè jẹ wàràǹkàṣì, Bàbá. Kó má pọ̀. Méjì tó."

Méjì.
Mo bọ́ awò ojú mi.

Obìnrin tí kò mọ̀wé, tí kò rí láàbù rí,
ó kàn wo ọmọ tó ń pọ̀n ni,
ó wo ojú ẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ó wo ìgbẹ́ ẹ̀,
ó sì rántí.
Lọ́jọ́ tó kú, mo wà l'Ọ́fà. Mi ò tètè wálé.

Mo pe Bùsàírì lórí fóònù:
abọ́ tánganran yẹn ńkọ́?
Ó ní èwo?
Ó ní àbí èyí tí adìẹ fi ń mumi lẹ́yìnkùlé.
Mo ní kó fọ̀ ọ́.
Mo ní mò ń bọ̀.