Ẹrù Fionnlagh

Kílò mẹ́fà àbọ̀ ni ọmọ.
Kílò mọ́kànlélógún ni ẹrù rẹ̀.
Lójú gbogbo èrò ni òṣùwọ̀n ti sọ ọ́ ní Glasgow,
díẹ̀ ló kù kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń wọ̀n ọ́n.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin,
tí wọ́n ní ó ń ká bí ìwé.
Irọ́ ni. Ó ń ká bí akàn tí inú ń bí:
o tẹ apá kan, apá kejì yọ sí ọ,
ó há mi ní àtàǹpàkò, ó tún nà ró ṣánṣán.
Ìjókòó ọkọ̀ tó sanra ju ẹni tó ń jókòó sínú rẹ̀ lọ.
Ibùsùn alágbèéká nínú àpò aláwọ̀ eérú.
Ìgò, ìgò, ìgò,
aṣọ ìdí tó tó lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta
bí ẹni pé wọn kì í bímọ ní Barra.

"Ìyá ọmọ," Lachlan wí, orúkọ rẹ̀ wà láyà rẹ̀,
"èèyàn mọ́kàndínlógún péré ni ọkọ̀ òfurufú yìí ń gbà.
Kẹ̀kẹ́ yẹn á dúró de ọkọ̀ ojú omi."
Ó so ìwé pélébé mọ́ ọn lọ́rùn,
ó tì í gba ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rọ́bà.
Mo wò ó títí ó fi wọlé,
bí ẹni pé ọmọ mi ṣì wà nínú rẹ̀.
Mo wo àyà mi. Ó wà níbẹ̀.

Owó oṣù méjì ni mo fi rà á.
Olùtajà ní kò sí ọ̀nà tí kò lè gbà.
Kò bi mí bóyá òkun wà lójú ọ̀nà.

Lókè, ariwo ẹ̀rọ ju ti ọmọ lọ;
oore àkọ́kọ́ nìyẹn.
Ó ké, ó ké, etí ń dùn ún.
Obìnrin tó jókòó níwájú wa kò bojú wẹ̀yìn,
ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ gba àárín ìjókòó méjì,
ó na ìka kan ṣoṣo.
Fionnlagh gbá a mú.
Lórí Mull, ó mú un.
Lórí Coll, ó ṣì mú un.
N kò mọ orúkọ obìnrin náà di òní.

Ìgbà tí a sọ̀ kalẹ̀, òkun ti ká ìró rẹ̀ dé orúnkún.
Iyanrìn funfun tẹ́ rẹrẹ, omi ń dán lára rẹ̀,
orí rẹ̀ la balẹ̀ sí. A kò ní ọ̀nà ọ̀dà fún ọkọ̀ òfurufú;
òkun ló ń yá wa ní ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́,
òun náà ló ń wá gbà á.
Táyà fọ́n omi sójú fèrèsé.
Fionnlagh dákẹ́ rọ́rọ́.

Bàbá mi dúró lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú bárò
tó fi ń kó koríko òkun lọ sí oko ànàmọ́.
Ó ti tẹ́ awọ àgùntàn sínú rẹ̀.
"Ẹrù dà?"
"Ó kù lẹ́yìn."
"Ọmọ ńkọ́?"
"Òun nìyí."
"Ẹrù pé nìyẹn."

Táyà kan, tó ń han bí ẹyẹ etí òkun,
gba orí ìkarahun, gba inú ọ̀gọ̀dọ̀,
ọmọ sì ti sùn kí a tó dé ojú títì.

Ọjọ́ Ẹtì ni kẹ̀kẹ́ dé, ó ń rùn bí epo ọkọ̀,
pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ọmọ ẹlòmíràn nínú rẹ̀, ẹyọ kan, pupa.
Mo fi ìbọ̀wọ́ náà kọ́ wáyà ọgbà, bóyá olówó rẹ̀ á kọjá.

Lánàá ni mo bá bàbá mi lóko.
Ó ti kó ànàmọ́ kún kẹ̀kẹ́ owó oṣù méjì,
ó fara balẹ̀ di bẹ́líìtì mọ́ wọn lára,
méjèèjì, ti èjìká àti ti ìbàdí.