Ìlà Tí N Kò Jẹ́ Kó Pa Rẹ́

Ṣégilọlá ló bá mi tẹ̀ ẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìrójò,
jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn ògiri,
ojú ìwé kan, igba náírà.
Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, hòtẹ́ẹ̀lì wo lẹ ti ṣe kaṣíà rí?"
Mo ní, kò sí.
Ó gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà,
ó wò mí bí ẹni tó wọ bùbá sódì jáde.
"Ẹ jẹ́ ká fọdún mẹ́ta sí i. Èkó.
Ta ni yóò wọkọ̀ lọ Èkó lọ bi wọ́n?"

Mo rò ó. N ò ní purọ́ pé n ò rò ó.
Ọdún mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, láìsan owó ọkọ̀.
Ṣùgbọ́n irọ́ tí mo bá kọ, èmi náà ni n ó há a sórí:
orúkọ mánijà tí n ò rí rí,
àwọ̀ kọ́tínì tí n ò fà rí,
ohun tí wọ́n ń sè níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú.
Orí mi kéré fún gbogbo ìyẹn.

Mo ní, kọ ọ́ báyìí:
Ọmọ́tẹ́jú Fálúyì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì.
Ìwé mẹ́wàá. Ìṣirò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó kí n tó yege.
Ọdún mẹ́rin nídìí àpótí owó oníbúrẹ́dì, ní Omi-Àṣòrò.
Lọ́dún kejì, lálẹ́ ọjọ́ kan, owó dín ní ẹgbẹ̀fà náírà.
Mo wá a lábẹ́ àpótí, mo wá a nínú bàtà mi.
N ò mọ ibi tó gbà títí di òní.
Wọ́n yọ ọ́ nínú owó oṣù mi.
Lẹ́yìn náà, ọdún méjì òfìfo:
apá òsì ìyá mi rọ,
èmi ni mo ń gbé e dìde, tí mo ń gbé e jókòó.

"Ẹ ò ní kọ ti ẹgbẹ̀fà yẹn."
Kọ ọ́.
"Ẹ̀gbọ́n!"
Mo ní, kọ ọ́.

Bàbá bàbá mi ta aṣọ àwìn títí dé Ìlọrin.
Òṣómàáló ni. Bó bá ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò sí ìkíni tó lè gbé e nílẹ̀, àfi owó.
Kò mọ ìwé. Èédú ló fi ń fàlà sára ògiri yàrá,
ìlà kan, ṣílè kan.
Wọ́n ní gbèsè tí òun alára jẹ náà wà níbẹ̀,
lápá ibi tó ṣókùnkùn,
kò fa tirẹ̀ kúrú ju ti ẹlòmíràn lọ.
A ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri ọ̀hún.

Hòtẹ́ẹ̀lì náà wà lọ́nà Àkúrẹ́.
Ìyáàfin Ọlátẹ́rù ka ìwé mi nídìí tábìlì tí wọn ò tíì nù.
Ó kà á débì kan, ó dúró.
"Jayéọlá, wá wo èyí."
Jayéọlá ti ìdí dòdò dé tòun ti ṣíbí,
ó kà á, ètè rẹ̀ ń mì,
òróró kán sórí ẹgbẹ̀fà.
Ó rẹ́rìn-ín. N ò mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́.
"Ta ló ní kó o kọ eléyìí?"
Owó ló dín, mà.
"Bó bá dín níbí ńkọ́?"
Ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó kà á.
Ó ní kí n fi nọ́ńbà sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé.
Fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá mi, ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé.
Ṣégilọlá ránṣẹ́ pé wọ́n ti gba ẹnì kan,
ó ṣe ọdún mẹ́ta l'Ékòó.
Ó ní òun ló tẹ̀ ẹ́.

N ò bínú.
Mo bínú díẹ̀.
Mo fọ abọ́, mo da agolo mílíìkì dé orí ẹní,
mo ka ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
Bó ti kéré tó, ó pé.