Bẹ́ẹ̀ni Kan Péré

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ìsanwó
ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá odò, ní Leeuwarden.
Mo mọ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ń dún lọ́jọ́ òjò,
mo mọ bó ti ń dún nígbà yìnyín.
Wobbe lorúkọ mi. Ẹnu mi kò burú; ó kàn gbòòrò ni.

Nígbà náà, bí ọ̀dọ́ bá gbé ọtí wá síwájú mi,
òfin ní kí n béèrè ọjọ́ orí.
Wọn a na káàdì sí mi, èmi a gbà á,
èmi a kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà tí wọn kò kọ sí i:
orúkọ, orúkọ ìdílé, ìlú tí wọ́n bí i sí,
nọ́ńbà gígùn, àwòrán tí irun ṣì pọ̀ lórí.
Ọdún ìbí nìkan ni mo wá.
Àgbàdo kan ni mo fẹ́ yan,
gbogbo abà ni mo ṣí wò.

Hiske wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, nínú oṣù kọkànlá,
pẹ̀lú ìgò ọtí ápù kan, àti ìbọ̀wọ́ tí ìka rẹ̀ ti ya.
Mo gba káàdì, mo pariwo:
"Háà! Hiske Terpstra! Ará Dokkum ni ọ́!
Mo mọ ará Dokkum kan o!"
Gbogbo ìlà ló gbọ́.
Ó gba káàdì rẹ̀ bí ẹni tó ń yọ ọmọ nínú iná.
Èmi kò fura.
Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ á mọ̀.

Ará Dokkum tí mo mọ̀, mo sọ fún un lórí fóònù,
láàárín ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti ọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún:
ọmọ ìlú yín kan wà ládùúgbò wa.
Ó sọ fún ẹnìkan. Ẹni yẹn sọ fún ọkùnrin kan
tó ti ń wá a kiri láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n fọ́ fèrèsé ilé kan lójú ọ̀nà wa.
Wọn kò bá a níbẹ̀. Ó ti dá ìró ọkọ̀ náà mọ̀,
ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde, láìwọ bàtà.
Ọlọ́pàá bi mí bóyá mo mọ ohunkóhun.
Mo ní rárá.
Òtítọ́ ni, fún bíi wákàtí méjì.

Ọdún méjì kọjá.
Lówùúrọ̀ Sátidé kan, ọmọbìnrin kan tó fi fìlà bo etí
gbé ìgò ọtí ápù kalẹ̀. Mo béèrè. Kò na káàdì.
Ó fi fóònù wo àmì onígun mẹ́rin tó wà lójú ẹ̀rọ mi,
fóònù sì bi í léèrè: ṣé kí n sọ fún un
pé o ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún?
Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.
Níwájú mi, iná aláwọ̀ ewé tàn: BẸ́Ẹ̀NI.
Ó tán. Kò sí àwòrán. Kò sí Dokkum.

Inú kọ́kọ́ bí mi.
Mo tẹ ojú ẹ̀rọ náà síhìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún,
bí ẹni tí wọ́n bu ọbẹ̀ fún tí kò rí ẹran.
Aukje, ọ̀gá mi, ní òǹtẹ̀ ìjọba ló wà lẹ́yìn rẹ̀:
ẹni tó lu òǹtẹ̀ kò ní mọ̀ pé ó ra ọtí,
ẹni tó ta ọtí kò ní mọ ẹni tó rà á.
"Ọjà la ń tà níbí, Wobbe," ló wí,
ó sì padà sídìí búrẹ́dì tó ń tò.

Ọmọbìnrin náà ń wọ ìbọ̀wọ́.
Wọ́n ti fi òwú pupa rán ìka kan níbẹ̀.
Ó lè jẹ́ òun. Ó lè má jẹ́ òun.
Orúkọ kan dé orí ahọ́n mi,
mo gbé e mì, ó korò.
Mo ní, ó dàbọ̀ o.
Ilẹ̀kùn dún, ìró ti ìgbà yìnyín.